Ìbòmú Ọmọ Alágbàfọ̀

Lọ́jọ́ tí káfíńtà kọ́kọ́ pàdé obìnrin tó máa fẹ́, eruku ló fi kí i.

Wọ́n pè é sí ilé ìwòsàn kan pé kó wá tún àwọn ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ṣe ní ẹ̀ka àyẹ̀wò. Wọ́n ní kó gbé wọn lọ sẹ́yìn ilé kó tó máa ha wọ́n. Ọkùnrin náà wo oòrùn tó wà níta, ó ní iṣẹ́ kékeré ni, ó tẹ́ páálí sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó mú sáńpépà, ó bẹ̀rẹ̀ sí ha igi bí ẹni pé igi náà bú u. Eruku gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Ó gba abẹ́ ìlẹ̀kùn wọ yàrá tí obìnrin kan ti ṣí àwọn àwo pẹlẹbẹ sílẹ̀, níbi tó ti ń wá kòkòrò àìfojúrí kiri.

Ìlẹ̀kùn ṣí, obìnrin náà yọ jáde. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ funfun, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó bo imú àti ẹnu, ojú rẹ̀ nìkan ló hàn. Ojú yẹn náà ti tó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, kí lẹ ń ṣe níbí?"

"Iṣẹ́ yín ni mò ń ṣe, mà."

"Ẹ ń ṣe tiyín, ẹ ń ba tèmi jẹ́. Gbogbo àwo tí mo ṣí sílẹ̀ ni eruku yín ti wọ̀. Kòkòrò ni mo fẹ́ kó hù níbẹ̀. Ní báyìí, mi ò mọ ohun tó máa hù."

Káfíńtà fọwọ́ gbọn orí, eruku tún dìde. "Tó bá jẹ́ igi ló hù, ẹ pè mí. Mà á wá fi ṣe àga."

Obìnrin náà fẹ́ fajú ro, ṣùgbọ́n ojú tó hàn lókè ìbòmú yẹn ti tú àṣírí rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ò tilẹ̀ bo imú," ni ó wí. "Ṣé ẹ fẹ́ sọ ẹ̀dọ̀fóró yín di ṣọ́ọ̀bù ni?"

Ó wọlé, ó tú báàgì rẹ̀ wò, ó sì mú ìbòmú aláṣọ kan jáde, aṣọ búlúù tí wọ́n ya àwọn ẹyẹ funfun kéékèèké sí. Òun fúnra rẹ̀ ló rán an, kò tíì lò ó. "Ẹ gbà, ẹ máa fi ṣiṣẹ́. Ẹ sì rí i pé ẹ̀ ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, omi gbígbóná àti ọṣẹ ni, kí ẹ sá a kó gbẹ dáadáa."

Káfíńtà fi kọ́ etí. Ìbòmú náà ti pẹ́ nínú báàgì obìnrin yìí, ó ti gba òórùn ìpara rẹ̀, òórùn kan tó tutù tó sì dùn, bí ìgbà tí ènìyàn bó ọsàn tán nínú yàrá tó mọ́. Láti ibi "ẹ sì rí i pé" títí dé òpin, ọkùnrin yìí kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Bí a bá sọ pé ìfẹ́ kó sí i lórí, a ò parọ́. Iṣẹ́ tó yẹ kó parí lọ́jọ́ kejì kò parí mọ́. Ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kan wà tó máa ń tú ní gbogbo ìgbà tí káfíńtà bá ti kúrò níbẹ̀, ẹni tó ń tún un ṣe náà ló sì ń tú u.

"Ìlẹ̀kùn yìí mà ń ṣàìsàn púpọ̀ o," ni obìnrin náà wí lọ́jọ́ kan.

"Ìtọ́jú ló ń fẹ́."

"Ṣé ìlẹ̀kùn ni, àbí káfíńtà?"

"Ti káfíńtà le ju ti ìlẹ̀kùn lọ."

Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń pe obìnrin náà ní Máfọwọ́kàn-án, nítorí ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ láti àárọ̀ títí tó fi máa lọ sílé nìyẹn. Ẹni tó bá nawọ́ sí àwo, á gbọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbé tíì sórí tábìlì iṣẹ́, á gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà ilé ìwòsàn, obìnrin náà yọ ìbòmú tirẹ̀ láti mu tíì, káfíńtà rí èjí tó wà láàárín eyín rẹ̀, ọwọ́ káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí rìn díẹ̀díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì títí ó fi kan ọwọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, obìnrin náà kò sọ ọ́.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ríra wọn lójoojúmọ́. Obìnrin náà ń pè é ní "ọ̀gá eruku", òun náà ń pè é ní "Máfọwọ́kàn-án mi". Kò pẹ́ tí káfíńtà fi sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

"Ọ̀wọ́n mi, mo fẹ́ kí o wá rí ìyá mi."

"Ṣé ìlẹ̀kùn tiwọn náà ti tú ni?"

"Mi ò ṣàwàdà. Mo fẹ́ fẹ́ ọ. Àwọn nìkan ló tọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Ohun tí wọn ò bá fọwọ́ sí nínú ilé wa kì í dúró. Tí wọ́n bá ti gbà ọ́, mi ò ní ìṣòro mọ́ láyé yìí."

"Èmi náà fẹ́ ọ," ni Máfọwọ́kàn-án wí. "Ẹ̀rù ìyá rẹ nìkan ló ń bà mí."

Ó yẹ kí ẹ̀rù bà á. Alágbàfọ̀ ni ìyá náà, kì í sì í ṣe alágbàfọ̀ kékeré. Yàrá iwájú ilé wọn ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ìfọṣọ méjì wà níbẹ̀, ìkòkò omi gbígbóná kan wà tí kì í kúrò lórí iná, tábìlì gígùn kan wà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ń lọ aṣọ, aṣọ àwọn ènìyàn sì wà ní fífi kọ́ títí dé àjà. Bí aṣọ oníbàárà bá ní àbàwọ́n, ìyá á ká apá aṣọ tirẹ̀ sókè, á bá àbàwọ́n náà wọ̀jà. Ó máa ń fọ́nnu pé kò sí ìdọ̀tí tó wọ ilé òun tó di ọjọ́ kejì níbẹ̀.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí aṣọ kan bá ti bọ́ sọ́wọ́ ìyá yìí, inú omi gbígbóná ló ń lọ tààrà. Bó bá jáde, kò ní í rùn, kò sì ní í ta sánsán, á dà bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hun. Káfíńtà rò ó wò. Òórùn olólùfẹ́ rẹ̀ wà lára ìbòmú yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan péré kó kan omi, ó parí nìyẹn. Nítorí náà, kò fọ̀ ọ́.

Á fi ṣiṣẹ́ nínú eruku àti òógùn láti àárọ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á ká a sínú àpò ṣòkòtò bó ṣe tutù yẹn, á tún wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Kódà nígbà tí òórùn ìpara ti pòórá, tó ku òórùn igi àti ti ẹnu káfíńtà fúnra rẹ̀, imú rẹ̀ ṣì ń gbọ́ èyí tó wù ú láti gbọ́. Ìfẹ́ máa ń ba imú ènìyàn jẹ́.

"Ìbòmú rẹ dà?" ni ìyá máa ń bi í. "Kó wá síbí."

"Mo ti fọ̀ ọ́, mà, nígbà tí mò ń wẹ̀."

Ìyá gbà á gbọ́. Lójú tirẹ̀, ọmọ alágbàfọ̀ lè parọ́ lórí ohunkóhun, kò jẹ́ parọ́ lórí ọ̀rọ̀ ọṣẹ.

Kò pẹ́ tí irorẹ́ fi yọ sí i lágbọ̀n. Ọ̀kan di méjì, méjì di ọ̀wọ́, wọ́n yí ẹnu rẹ̀ ká, àwọn mìíràn ń ṣọyún, wọn ò sì kọjá ibi tí ìbòmú bò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin gbé áyọ́ọ̀nù dúró, ó wò ó títí.

"Àbúrò mi, ṣé oyin ló ta ọ́ ni, àbí ìwọ lo lọ bu oyin jẹ?"

Ìyá kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó fi ìpara kùn ún, kò lọ. Ó fi omi iyọ̀ wẹ̀ ẹ́, kò lọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí ronú sẹ́yìn, ó sì rántí pé kò sí irorẹ́ kankan lójú ọmọ òun kó tó gba aṣọ lọ́wọ́ ọmọbìnrin ilé ìwòsàn tó ní òun fẹ́ fẹ́.

"Aṣọ tí ò ń fọ̀ lójoojúmọ́," ni ìyá wí, "tó tún ń sọ ẹnu rẹ dà báyìí, a jẹ́ pé aṣọ náà ni kò dára. Ọwọ́ tó fún ọ ni kò dára."

Káfíńtà ká ìbòmú sínú àpò, ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, Máfọwọ́kàn-án wá. Ó wọ gáùn aláwọ̀ ewé, ó gbé páálí bísíkíìtì dání, ó kí ìyá pẹ̀lú ọ̀yàyà. Ìyá dáhùn, ó gba bísíkíìtì, ó ní kó jókòó, ó ní kí wọ́n gbé tíì wá. Gbogbo rẹ̀ dára títí dé ibẹ̀.

"Yọ ìbòmú yẹn," ni ìyá wá wí fún ọmọ rẹ̀, "kí àlejò wa rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀."

Káfíńtà yọ ọ́. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tó ti ń fi ìbòmú bo irorẹ́ tí ìbòmú fà, nítorí náà Máfọwọ́kàn-án kò tíì rí i rí. Ó dìde, ó súnmọ́ ọn, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè.

"Olólùfẹ́ mi, kí ló ṣe ọ́ báyìí?"

"Ìbéèrè tí mo fẹ́ bi ọ́ gan-an nìyẹn," ni ìyá wí. "Kí lo fi sínú aṣọ tí o fún ọmọ mi?"

Ẹlòmíràn ì bá bú sẹ́kún. Máfọwọ́kàn-án wo irorẹ́, ó wo ìbòmú, ọkàn rẹ̀ sì ti lọ sẹ́nu iṣẹ́. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n mú un lọ yẹ̀ wò ní ibi iṣẹ́ wa. Ohun yòówù kó wà lára rẹ̀, a máa rí i. Mà á mú èsì rẹ̀ wá fún yín fúnra mi."

"Mú un lọ. Èmi náà fẹ́ mọ̀."

Káfíńtà nìkan ni kò fẹ́ mọ̀. Bí Máfọwọ́kàn-án ṣe ń fi ìbòmú sínú ọ̀rá tó mọ́, tó ń dì í lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà ń wò ó bí olè tí wọ́n ń gbé ẹrù rẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Nígbà tí Máfọwọ́kàn-án padà wá, àwòrán ló fi hàn wọ́n nínú fóònù rẹ̀. Àwo kan tó yẹ kó mọ́ bíi dígí ló kún bámúbámú fún àwọn tóótòòtó funfun àti yẹ́lò, òmíràn ti so mọ́ òmíràn.

"Bakitéríà ni, mà," ni ó wí. "Aṣọ kọ́ ló kó o wá. Irú èyí tó ń gbé lára awọ àti nínú ẹnu gbogbo wa ni. Bí ènìyàn bá ń wọ ìbòmú kan náà ṣáá láì fọ̀ ọ́, èémí á mú un rin, ara á mú un gbóná, ibẹ̀ á wá tù wọ́n lára, wọ́n á máa bí sí i. Eruku igi ti ha awọ ojú rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n gbà wọlé. Oògùn wà fún un, ó máa lọ. Ṣùgbọ́n ìbòmú yìí..." Ó wo káfíńtà, ó rọra sọ ọ́. "Màmá, kò jọ pé ìbòmú yìí rí omi rí láti ọjọ́ tí mo ti fún un."

Ẹ̀gbọ́n káfíńtà gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ. Ìyá dìde dúró.

"Nínú ilé mi?"

"Màmá, mi ò sọ pé..."

"Nínú ilé alágbàfọ̀ ni aṣọ ò ti rí omi? Ṣé o mọ iye ọdún tí mo ti ń fọ aṣọ àwọn ènìyàn? Àwọn dókítà yín gan-an, èmi ni mò ń fọ aṣọ funfun wọn. Ojoojúmọ́ ni ọmọ mi ń fọ ìbòmú yẹn." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ, sọ fún un. Ṣé o fọ̀ ọ́ àbí o ò fọ̀ ọ́?"

Ẹ wo ọkùnrin. Obìnrin mẹ́ta ló ń wò ó lẹ́nu. Bó bá ní òun ò fọ̀ ọ́, ó ti dójú ti ìyá rẹ̀ níwájú àlejò, wọ́n á sì bi í ní ìdí rẹ̀, ìdí náà kò sì ṣeé sọ níwájú ìyá ẹni.

"Mo fọ̀ ọ́, mà," ni káfíńtà wí.

Máfọwọ́kàn-án wò ó pẹ́. Ó pa fóònù rẹ̀, ó fi sínú báàgì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá fún tíì tí kò tíì mu. Káfíńtà sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, obìnrin náà fọwọ́ dá a dúró.

"Kòkòrò kọ́ ló dùn mí," ni ó wí. "Kòkòrò wà lára gbogbo ènìyàn, ó wà lára tèmi náà. O sọ mí di òpùrọ́ lójú ìyá rẹ, o sì mọ̀ pé òótọ́ ni mo sọ. Mi ò lè fẹ́ ẹni tí wọ́n á máa di ẹ̀bi rẹ̀ rù mí, tí á sì máa wò mí."

Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, kò wẹ̀yìn.

Oògùn tí wọ́n fún káfíńtà wo ẹnu rẹ̀ sàn. Ọkàn rẹ̀ ni kò sàn. Ní ṣọ́ọ̀bù, ó gé ẹsẹ̀ tábìlì oníbàárà kan, ọ̀kan kúrú. Ó gé àwọn yòókù kí wọ́n lè dọ́gba, ó gé wọn jù. Ó tún padà gé ti àkọ́kọ́. Bó ṣe ń gé e nìyẹn títí tábìlì fi di àpótí ìjókòó, oníbàárà sì dé, ó ń wá tábìlì rẹ̀ kiri.

Ó lọ sí ilé ìwòsàn. Máfọwọ́kàn-án ṣí ìlẹ̀kùn díẹ̀, ó rí i, kò ṣí i jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Gbogbo ìlẹ̀kùn wa ló ti gbádùn," ni ó wí.

"Ayọ̀ mi, mo wá bẹ̀ ọ́ ni. Mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi."

"Èmi lo wá sọ fún? Èmi kúkú mọ òótọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wà nílé yín, ó ń fọṣọ."

Ó sì ti ìlẹ̀kùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìlẹ̀kùn náà kò dún rárá, káfíńtà ti tún un ṣe dáadáa.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Irọ́ káfíńtà kò tilẹ̀ tíì rìn jìnnà kó tó rẹ ẹ́. Ó gba ilé lọ tààrà. Nígbà tó máa débẹ̀, àwọn oníbàárà kún yàrá iwájú, wọ́n wá kó aṣọ. Ó rò pé kóun dúró kí wọ́n lọ. Ó tún mọ̀ pé bí òun bá dúró, òun ò ní í lè sọ ọ́ mọ́.

"Màmá, mi ò fọ̀ ọ́."

"Kí lo ò fọ̀?"

"Ìbòmú yẹn. Láti ọjọ́ tó ti fún mi títí di ọjọ́ tó mú un lọ, mi ò fọ̀ ọ́ rí. Òótọ́ ló sọ fún yín. Èmi ni mo parọ́."

Ìyá ju aṣọ tó ń fún lọ́wọ́ sínú bàsíà. Àwọn oníbàárà tó ti kó ẹrù wọn tán kò lọ mọ́.

"Ṣé omi ló wọ́n nínú ilé yìí ni? Àbí ọṣẹ ló tán?"

"Rárá, mà."

"Kí ló wá fà á?"

Káfíńtà wo ilẹ̀, ó wo àjà, kò rí ẹni gbà á sílẹ̀ níbì kankan. "Òórùn rẹ̀ ló wà lára rẹ̀, mà. Mo mọ̀ pé tó bá dé ọwọ́ yín, ó máa lọ."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi aṣọ oníbàárà bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa jáde. Ìyá kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wọ yàrá tirẹ̀ lọ, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó máa jáde, ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì onílà tí kọ́là rẹ̀ ti dúdú. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì kò rí i rí.

"Ti bàbá yín ni," ni ó wí. "Ó bọ́ ọ sórí àga ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ. Gbogbo aṣọ rẹ̀ yòókù ni mo fọ̀, mo fi ta àwọn ènìyàn lọ́rẹ. Èyí, ara mi ò gbà á. Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé aṣọ ìdọ̀tí wà nínú yàrá alágbàfọ̀?"

Omi ti wà lójú ẹ̀gbọ́n káfíńtà. Ìyá ká ṣẹ́ẹ̀tì náà dáadáa, ó gbé e sí àyà, ó wá wo ọmọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

"Ṣùgbọ́n èmi ò so ó mọ́ ẹnu kí n máa fi ha igi," ni ó wí.

Ẹ̀rín bú nínú yàrá náà. Ìyá fúnra rẹ̀ rín títí ó fi di ògiri mú. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó jókòó sórí àpótí, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ọmọ ọlọ́mọ sọ òótọ́ nínú ilé mi, mo sì pariwo lé e lórí," ni ó wí. "Lọ wẹ̀. Wọ aṣọ tó mọ́. Ìwọ lo máa mú mi lọ bá a."

Kò sí ẹni tó kọ́ ìyá yìí bí àgbà ṣe ń bẹ ọmọdé. Lọ́nà, ó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ètè, ó ń tún un sọ, ó ń yí i padà. Ó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ bó bá fẹ́ ya fọ́tò. Nígbà tí Máfọwọ́kàn-án jáde sí wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo ohun tó ti há sórí fò lọ.

"Ọmọ mi," ni ó wí, "mo wá kí àwọn kòkòrò wọ̀nyẹn."

Máfọwọ́kàn-án wo ìyá, kò wo ẹni tó dúró sẹ́yìn ìyá. "Ẹ káàbọ̀, mà. A ti pa wọ́n, a ti dà wọ́n nù. Àwòrán wọn ló kù."

"Kò burú. Ọmọ mi ti jẹ́wọ́ lójú gbogbo àwọn oníbàárà mi. Mo ṣì ọ́ wí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ ń dùn mí, kò jẹ́ kí n lè wo ojú rẹ dáadáa. Jọ̀ọ́, má fi sínú."

Ohùn obìnrin náà rọ̀. "Ẹ ò ṣẹ̀ mí, Màmá. Ọmọ yín lẹ gbà gbọ́. Ìyá wo ni kò ní í gba ọmọ rẹ̀ gbọ́?"

Ìyá tú ọ̀rá kan, ó mú ìbòmú funfun kan jáde, wọ́n ti lọ̀ ọ́, ó dúró ṣánṣán. "Ó fi èyí ha igi láti àárọ̀ àná títí ilẹ̀ fi ṣú. Èmi ni mo fọ̀ ọ́. Yẹ̀ ẹ́ wò fún mi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ mi ṣì dára."

Máfọwọ́kàn-án gbà á tọwọ́tọwọ́.

"Ọmọ mi yìí ńkọ́?" ni ìyá bi í, ó ń fi àgbọ̀n júwe ẹ̀yìn. "Ṣé kò sí ohun tí o fẹ́ sọ fún un?"

"Ẹ̀yin, mo ti gbà yín, mà. Òun ni mo ṣì ń yẹ̀ wò."

"Yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa," ni ìyá wí. "Má fi ojú àánú wò ó."

Lọ́jọ́ tí èsì jáde, wọ́n tún lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka àyẹ̀wò ti gbọ́ pé alágbàfọ̀ kan gbé ọwọ́ ara rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò, gbogbo wọn ló sì pé sídìí tábìlì. Ọ̀gá wọn náà wà níbẹ̀, obìnrin àgbà kan tó fi okùn so awò ojú mọ́ ọrùn. Máfọwọ́kàn-án gbé àwo wá. Ó mọ́ nini, tóótó kékeré kan péré ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún, kò sì tó ohun tí ènìyàn ń bẹ̀rù.

Ìyá nawọ́ sí i.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, mà."

"Mi ò fọwọ́ kàn án, ojú ni mo fi ń kàn án," ni ìyá wí, inú rẹ̀ dùn débi pé kò mọ ibi tó máa kó ọwọ́ sí. Wọ́n ya òun àti àwo ní fọ́tò. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà òun ni òun máa gbé e kọ́, kí gbogbo ẹni tó bá wọlé lè rí i.

Ọ̀gá gbé awò ojú wọ̀. "Èyí dára púpọ̀. Èyí tó ṣáájú ni mi ò rí irú rẹ̀ rí látọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Àwòrán rẹ̀ ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni ìbòmú yẹn gan-an?"

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí wo àjà. Máfọwọ́kàn-án tẹ orí ba, ó ń tún ọmọrí àwo ṣe, ó fẹ́ rọra bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. "Ẹnì kan ló gbé e wá, mà," ni ó wí. "Ó ti..."

"Èmi ni," ni káfíńtà wí.

Ó ti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ bọ́ síwájú. Gbogbo wọn yíjú sí i. Etí rẹ̀ ń gbóná, ṣùgbọ́n kò dúró.

"Èmi ni mo ni ín, mà. Ó sọ fún mi pé kí n máa fọ̀ ọ́, mi ò fọ̀ ọ́. Ó sọ òótọ́ fún ìyá mi, mo sì dúró níbẹ̀, mo jẹ́ kí wọ́n pè é ní òpùrọ́. Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ti irọ́ yẹn ló ń tì mí lójú jù. Mo ti sọ ọ́ nílé wa. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ náà mọ̀ pé kò ṣìṣe rárá."

Àwọn òṣìṣẹ́ wo ara wọn. Ẹ̀rín ti fẹ́ pa ẹnì kan, ó ń wúkọ́. Ọ̀gá yọ awò ojú, ó tún gbé e wọ̀, ó wò ó dáadáa.

"Ṣé ìwọ kọ́ ni káfíńtà tó wá tún ìlẹ̀kùn wa ṣe?"

"Èmi ni, mà."

"Kí ló wá pa ìwọ àti ọmọ iṣẹ́ mi pọ̀?"

Káfíńtà kò mọ ohun tóun tún jẹ́ fún obìnrin náà mọ́, kò sì fẹ́ parọ́. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Máfọwọ́kàn-án gbé àwo sílẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún, ó bọ́ ti òsì, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ omi bó ṣe máa ń fọ̀ ọ́, kò kánjú, gbogbo wọn sì ń dúró dè é. Ó nu ún gbẹ. Lẹ́yìn náà ló rìn yí tábìlì ká, ó di ọwọ́ káfíńtà mú lójú gbogbo wọn.

"Ọkọ mi ni, mà," ni ó wí.